Ẹni Tí Màmá Kò Gbọdọ̀ Kúnlẹ̀ Fún

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ìròyìn: a kì í ṣe ará Kwara mọ́, Kogi ni wá báyìí, Lọ́kọ́ja sì ni olú ìlú wa. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fi mú bírò. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Màmá ni.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn ní Ìbàdàn. Dókítà yọ oríkèé ìgbáròkó tó ti bàjẹ́, ó fi irin rọ́pò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa rìn lójoojúmọ́, kí iṣan má baà kú, ṣùgbọ́n kí wọ́n má lóṣòó, kí wọ́n má sì kúnlẹ̀, kí oríkèé tuntun náà má baà yẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, n kì í fi nǹkan falẹ̀. Kí wọ́n tó dé Kàbà, mo ti fi búlọ́ọ̀kù gbé bẹ́ẹ̀dì ga, mo ti ra àga gíga, mo ti lẹ àkókò ìrìn mọ́ ògiri: ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà.

Nítorí kíkúnlẹ̀, mo ní kí ẹni tó bá dàgbà ju Màmá lọ má tíì wá kí wọn. Ni àbúrò yín, Bàbá Kékeré, bá wọlé. Màmá ju wọ́n lọ dáadáa, ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí Màmá ṣe ju ọ̀pá sílẹ̀, tí orúnkún ń lọ ilẹ̀! Mo fò, mo gbá wọn mú. Ṣé èmi tí mo kàwé tó báyìí ni mo gbàgbé pé kì í ṣe ọjọ́ orí ni ìyàwó fi ń kúnlẹ̀ nílé ọkọ? Gbogbo ẹni tí Màmá bá nílé yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó ló ṣáájú wọn.

Mo bá ti géètì pa mọ́ gbogbo ayé. Láti ìgbà náà ni Màmá kò rìn mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orí àga ni. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀, mo jágbe mọ́ wọn, ẹ má bínú.

Láná, Bàbá Kékeré kígbe lẹ́yìn géètì.

“Okun o, Ìyàwó wa! Ṣé wọ́n ti sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ni?”

Màmá dìde. Wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n kọjá ẹnu ọ̀nà, wọ́n dé géètì, èmi ń sáré tẹ̀lé wọn. Bí mo ṣe ṣí i, orúnkún wọn tún fẹ́ tẹ̀. Kíá, Bàbá Kékeré ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀.

“Mo ti ṣáájú rẹ! Bí o bá kúnlẹ̀, ta ni yóò gbé mi dìde?”

Màmá rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí a wọlé ni ẹkún dé.

“Tí n kò bá kúnlẹ̀ fún ará ilé bàbá rẹ mọ́, ìyàwó ta ni mo tún jẹ́?”

Bàbá, ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi rántí yín. Nígbà ayé yín, bí Màmá bá ń kí yín láàárọ̀, ẹ máa ń na ọwọ́ kan láti dá wọn dúró kí orúnkún wọn tó kan ilẹ̀. Ṣé àánú ni, àbí ẹ kò fẹ́ kí wọ́n máa kúnlẹ̀ ni? Kí ló dé tí n kò bi yín rí?

Màmá ní lọ́la àwọn yóò rìn dé ibojì yín lẹ́yìn ilé. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Wọn yóò fẹ́ kúnlẹ̀, ẹ̀yin kò sì lè dọ̀bálẹ̀ ṣáájú wọn. Mo ti gbé àga gíga síbẹ̀, n kò mọ̀ bóyá wọn yóò jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na ọwọ́ yẹn.

Èmi ni, ọmọ yín tí kò ní sùúrù, tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí yín.