Èédú Inú Àpótí Bàbá Kékeré

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Minna níbí, bí ẹ ò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Màámi, ẹ kú làálàá èmi àti Bàbá. Ẹ ò gbé fóònù mi, Bàbá, mo wá gbé ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé ìròyìn tí ẹ máa ń rà ní gbogbo Jímọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń kà á tán pátá, títí dé ìpolówó.

Ọyẹ́ ti lọ, ooru Minna ti dé. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ ń gbé ní àdúgbò Limawa níbí, bí mo bá kí wọn, Hausa ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Èmi náà ti ń pariwo “kai!” kí n tó mọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, ẹ sì ti dákẹ́ láti ìgbà tí ẹ ti gbọ́ pé gáàsì ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Ó ń dùn mí o.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Tánkì gáàsì tí ẹ fi ń jó irin bú gbàmù, ó pa Bàbá Kékeré, àbúrò yín, lójú yín. Láti ọjọ́ náà lẹ ti fi iṣẹ́ wẹ́dà sílẹ̀. Màámi ní ẹ sọ pé iná ò ní mú ẹni méjì nínú ilé yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Háídírójìn, gáàsì tí à ń lò níbi iṣẹ́ ìwádìí wa, fúyẹ́ gan-an. Kó tó pọ̀ nínú sìlíńdà, àfi kí wọ́n fi agbára tì í wọ inú rẹ̀ gidigidi, ibẹ̀ ni ewu wà. Ohun tí àwa ń wá ni bí a ò ṣe ní fúnpá mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. A ń ra èèpo kóró òrí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Maikunkele lẹ́bàá Minna, a ń sun ún di èédú, a ń fi kẹ́míkà lu ihò sí i lára, ihò wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí. Bí ó bá tutù dáadáa, gáàsì á lẹ̀ mọ́ inú ihò wọ̀nyẹn. Bí ó bá móoru, á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Mi ò ní parọ́ fún yín: òtútù tó ń fẹ́ ti pọ̀ jù, a ò tíì rí ọ̀nà gbé e gbà. Ó sì ń gbiná, a kì í fi ṣeré.

Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi hàn mí pé èédú lè gba gáàsì sára. Òórùn gáàsì ò kúrò lára aṣọ iṣẹ́ Bàbá Kékeré nínú àpótí, ẹ wá da èédú sí i. Mo bi yín pé níbo ni òórùn náà gbà lọ, ẹ ní èédú ti gbà á sára. Mo sọ èyí fún Màámi lórí fóònù. Wọ́n ní ẹ gbọ́ ọ, ẹ kàn dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Mi ò bẹ̀rẹ̀ ohun ńlá kankan rí láìjẹ́ pé ẹ ṣàdúrà sí i. Ọ̀gá mi, ọkùnrin Núpé kan, fẹ́ kí n fa gáàsì sínú èédú tí mo fọwọ́ ara mi ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wá àwáwí fún un. Ó ní bí mi ò bá ṣe é ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, òun á gbé e fún ẹlòmíràn.

Àfi bí awakọ̀ láti Ìkìrun, ìlú wa, ṣe ní kí n wá gba ẹrù ní Tunga, ní Minna níbí. Nínú gàrí tí Màámi fi ránṣẹ́ ni mo ti rí ọ̀rá dúdú kan. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi dì í, wọ́n lọ́ ọ bí ẹ ṣe máa ń lọ́ ọ. Èédú ni, òwú búlúù aṣọ iṣẹ́ Bàbá Kékeré sì wà lára rẹ̀. Mo bú sẹ́kún nínú kẹ̀kẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ ń fi Hausa kí mi pẹ̀lẹ́, “sannu, sannu,” títí mo fi délé.

Mo gbà pé àdúrà yín ni. Ó sì lè jẹ́ pé mo ṣì í gbọ́, pé ẹni tó kú lẹ fi ń rán mi létí. Bí ẹ bá ní kí n má ṣe é, ẹ pè mí, mo máa gbọ́. Bí ẹ bá ní kí n ṣe é, ẹ ṣáà pè mí.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jèrè wa. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ kí gbogbo ará ilé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni mo máa dúró sí, fóònù á wà lọ́wọ́ mi. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan sọ, ẹ kàn pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, ó ti tó.

Èmi ni ọmọ yín,
Rìsíkátù