Bàámi, Ẹ Wá Wo Ojú Ẹyinjúẹgẹ́

Bàámi àtàtà,

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mo ti di ìyàwó ilé! Òkè-Sópẹ́n ni ilé ọkọ mi. Olùkọ́ ìṣirò ni, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín lójú oorun gẹ́gẹ́ bíi tiyín. Ta ló kọ́ ọ? Inú mi ń dùn débi pé mò ń rẹ́rìn-ín sí ìkòkò ọbẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń rá. Ọmọbìnrin kékeré kan wà níbí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Mo wo ojú rẹ̀ roboto, mo ní Ẹyinjúẹgẹ́ ni n ó máa pè é. Ó gbà. Bí mo bá ṣèèṣì pè é ní "ìwọ yìí", kò ní dá mi lóhùn.

Ṣùgbọ́n ojú náà kò ríran dáadáa. Imú ló fi ń kan ìwé. Mo bẹ ìyá ọkọ mi kí n mú un lọ ṣàyẹ̀wò ní Àgọ́-Ìwòyè. Wọ́n lọ́ra kí wọ́n tó gbà. "Ìyàwó, bó o ṣe mú un lọ ni kó o mú un bọ̀ o."

Nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ ọmọ. Bàámi, ahọ́n mi kọ̀! Mo ní, "Ẹyinjúẹgẹ́." Nígbà tí wọ́n kígbe rẹ̀, gbogbo àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ní, "Ṣé orúkọ nìyí àbí àìsàn?" Ẹyinjúẹgẹ́, ọkọ mi kékeré, fajú ro: "Orúkọ mi ni!"

Wọ́n kán oògùn sí i lójú kí ọmọlójú rẹ̀ lè fẹ̀, kí wọ́n lè rí inú ẹyinjú. Ó ta á, ó ké. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé oòrùn á máa gún un lójú, ohun tó bá sún mọ́ ọn á máa ṣe bàìbàì títí di ọjọ́ kejì, ẹnu rẹ̀ lè gbẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè pọ́n, ara rẹ̀ sì lè gbóná díẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Ta ló ń gbọ́ irú èyí nígbà tí inú rẹ̀ ń dùn? Mo fi gèlè mi bò ó lórí ọ̀kadà, à ń kọrin bọ̀.

A délé, mo ṣí gèlè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ pọ́n bí epo. Ọmọlójú ti gba gbogbo ẹyinjú. Ó nawọ́ sí ife omi, afẹ́fẹ́ ló gbá mú. Ìyá ọkọ mi lu àyà. "Kí ni wọ́n kán sí ọmọ mi lójú? Ìyàwó, ṣé o ti fọ́ ọmọ yìí lójú ni?"

Ilé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ fẹ́ dà lé mi lórí. Ìyá ti ń wá omi àgbọn tí wọ́n fẹ́ fi fọ ojú náà. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Bí mo ṣe dárúkọ Ẹyinjúẹgẹ́ báyìí ló rántí wa. Ó ní kí n fún un lómi mu, kí n fa aṣọ fèrèsé bò, kí a má fi nǹkan kan sí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń sọ ìsọkúsọ, tàbí tí kò dá wa mọ̀, tàbí tí ara rẹ̀ ń gbóná sí i, kí a gbé e padà kíákíá.

Ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ, wọ́n nawọ́ sí mi. "Ta nìyí?"

Ó wò mí títí. "Ìyàwó mi ni. Kó lọ rẹ gàrí fún mi, ebi ń pa mí."

Ẹ̀rín gbé ìyá jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ ti padà sípò, ara rẹ̀ ti tutù. Awò ojú tí dókítà ní kó máa lò ń bọ̀ lọ́nà. Bàámi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń na Bíbélì jìnnà bí ẹni tó fẹ́ lé e lọ, kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ojú yín? Ṣé oògùn yẹn ló bà yín lẹ́rù?

Ìyá ọkọ mi ní ojú tàwọn náà ń ṣú, kí n mú àwọn lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ fún wọn gbogbo ohun tí oògùn náà lè fà, n kò fo ọ̀kan. Wọ́n ní kò burú: bí àwọn ò bá ríran bọ̀, ọwọ́ mi làwọn máa dì mú.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ̀rín kò jẹ́ kó jẹun,
Ìyàwó Òkè-Sópẹ́n.