Òmìrán Tí O Fi Pa Hamidah

Abà Ògúntúndé,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Ṣọlápé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àgbowó níbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé iná ń dé, ṣé omi kò gbẹ? Ara tèmi le, ara bàbá rẹ náà le, wọ́n ní kí n kí ọ, orúnkún nìkan ló ń dùn wọ́n tí òjò bá ṣú. Ọlọ́run tó mú wa rí òjò ọdún yìí yóò mú wa rí tọdún tó ń bọ̀, àmín. Awakọ̀ tó ń ná Òjòó ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí pé ìgbàkígbà tí mo bá fẹnu kan ọ̀rọ̀ Hamidah lórí fóònù lo máa ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, mo sì rò ó pé ìwé kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ilé dára. Ẹ̀gẹ́ ta dáadáa, ewúrẹ́ dúdú bí méjì, wọ́n sì ti kun ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọ̀dà tuntun. Mo dìde níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, mo jẹ́rìí, bí o ti sọ fún mi, pé ọmọ mi ti di adájọ́ ní Bódìjà, pé gbogbo ọ̀sán Sátidé ni àwọn onídán máa ń jókòó yí i ká nídìí tábìlì, wọn kò sì gbọdọ̀ pa idán kankan àfi tó bá fọwọ́ sí i. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Wòlíì nìkan ni kò pàtẹ́wọ́, wọ́n ní àwọn máa gbàdúrà sí i.

Hamidah tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan láti ìgbà tí ẹ ti wà ní iléèwé wá sí abà lọ́jọ́ Ajé láti fẹjọ́ rẹ sùn. Ó kúnlẹ̀, ó kí wa, mo gbé ẹ̀bà fún un, ó ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ló bá sọ fún mi pé o ti pa òun. Mo wò ó dáadáa. Mo bi í pé ìgbà wo, ó ní Sátidé tó kọjá. Mo bi í pé ta ló sin ín, ó ní wọn kò tíì sin òun, òmìrán ṣì tẹ òun mọ́lẹ̀. Mo bu ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe òkú lálejò. Bàbá rẹ bèèrè pé yàrá wo ló gba òmìrán, pé kí sì ni ẹ fi ń bọ́ ọ.

Ó ní eré ni. Ó ní ìwọ lo máa ń sọ ibi tí wọ́n dé àti ohun tí wọ́n rí, àwọn a sọ ohun tí àwọn fẹ́ ṣe, wọn ó wá ju òkúta kékeré kan tó lójú ogún láti mọ̀ bóyá yóò ṣeé ṣe. Ẹni tí Hamidah ń jẹ́ níbẹ̀ ni ìyá arúgbó kan tí idán rẹ̀ kò ju kó tún nǹkan tó bàjẹ́ ṣe, bí ìkòkò tó là tàbí aṣọ tó ya. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń jẹ́ arúgbó náà. Ní Sátidé yìí, òmìrán kan dí ẹnu ibodè mọ́ wọn. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó ti já wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó wà lẹ́wọ̀n, ìdajì yòókù ṣì ń rọ̀ lára ògiri tó fẹ̀yìn tì. Àwọn tó kù fa idà yọ. Hamidah ní òun ò ní bá a jà ní tòun, òun yóò tún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà ṣe.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ọgbọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ adájọ́ ní kò ṣeé ṣe, o ní idán àtúnṣe kì í ṣe idán ìjà, àti pé ojú ibi tó ti já kò kan ara wọn. Ó rán ọ létí pé ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé òmìrán fẹ̀yìn ti ògiri. O ní ohun tí o sọ lo sọ. O ní kó ju òkúta láti mọ̀ bóyá yóò bọ́ lọ́wọ́ òmìrán, òkúta kò ṣe é lóore, òmìrán gbé ẹsẹ̀ lé e, ó parí. Nígbà tó sọ ọ́ débẹ̀, ó sunkún. Mo bi í bóyá ìbátan rẹ̀ ni arúgbó náà, ó ní rárá, òun lòun dá a. Ó dùn mí. Nítorí pé Mùsùlùmí ni Hamidah, mo dín àkàrà ọjọ́ kẹta fún arúgbó náà, àwọn ọmọ abà jẹ ẹ́, wọ́n ṣàmín.

Mi ò dá ẹjọ́ náà o, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo mọ̀ pé ìwọ náà á ní tìrẹ. Bí o bá gba èyí lónìí, lọ́la ẹnì kan á ní òun fẹ́ fi idán ìdáná jó gbogbo ìlú, apá rẹ ò ní ká wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ni òmìrán? Hamidah ní ìwọ lo ni ín, pé odindi ọ̀sẹ̀ kan lo fi múra rẹ̀ sílẹ̀, ohùn rẹ̀ lo sì fi ń sọ̀rọ̀. Ọmọ mi, tí ewúrẹ́ Baálẹ̀ wa bá jẹ ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, Baálẹ̀ kì í jókòó sórí àga lọ́jọ́ yẹn, orí ẹní ni wọ́n ń jókòó pẹ̀lú àwa olẹ́jọ́, ẹlòmíràn ló ń gbọ́ ọ. O fẹ́ kí òmìrán rẹ jà ni. Ó yé mi, èmi náà kì í fẹ́ kí àlejò má jẹ ọbẹ̀ tí mo bá fi gbogbo àárọ̀ sè. Ṣé o kò lè jẹ́ kí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú un díẹ̀, kí wọ́n sáré kọjá kó tó fà á tu? Òmìrán rẹ á wà láàyè, arúgbó á wà láàyè, ọ̀rẹ́ rẹ á sì wà nílé.

Nítorí ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Òjòó. Kọ́kọ́rọ́ yàrá yín ló mú wá, ó ní kí n bá òun dá a padà fún ọ. Mi ò gbà á. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n abà ló gbé ẹjọ́ yìí wá, kì í ṣe kóòtù.

Bẹ́líìtì ẹ̀rọ gaàrí mi já. Mo bẹ Hamidah kó fi idán rẹ̀ tún un ṣe, ó ní òun ti kú. Nítorí náà owó ni kí o fi ránṣẹ́. Má fi í sínú fóònù bíi tìjọ́sí, mo tú ẹ̀yìn fóònù yẹn, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀.

Nígbà tó ń lọ, mo sìn ín dé ìdí ọ̀kadà. Ó ti gùn ún tán kó tó bi mí pé ṣé o ń jẹun, pé tínú bá ń bí ọ, o kì í jẹun. Òkú tó ń bèèrè bóyá ẹni tó pa òun ti jẹun, Ṣọlápé, kò yẹ kó máa sùn nílé onílé. Lọ sí Òjòó.

Olúwa á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ọwọ́ rẹ ò ní ṣófo. Kí Ọlọ́run má sì jẹ̀ẹ́ kí o jàre tán, kó wá ku ìwọ nìkan nínú yàrá.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.