Obìnrin Ọlọ́wọ́ Mẹ́jọ Nínú Gbọ̀ngàn Ìjọ Wa

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Mo kí Bọ̀dá Ṣínà, mo kí ìyàwó wọn. Ara mi le. Òtútù nìkan ló ń bá wa jà. Òjò ìlú òyìnbó kì í dá ní Thamesmead níbí, ó kàn máa ń sinmi ni.

Ẹ má bínú pé n kò pè yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rù ló ń bà mí, n kò sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ nínú ohùn mi. Ó ti yanjú báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ̀wé.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń bójú tó gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Yarnton Way, tí mo ń bá wọn fi í háyà láàárín ọ̀sẹ̀. Owó ibẹ̀ ni mo fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Owó iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kò tó nǹkan. Ilé àti iná ló ń jẹ ẹ́ tán.

Mínà, ará Íńdíà tí a jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó, ló wá bá mi. Ó ní òun ń kó àwòrán tí àwọn ayàwòrán ìlú òun ń yà lóde òní wá síbí kí àwọn èèyàn lè rí i, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn àárín ìlú ti wọ́n jù. Mo bi í nípa ìṣó tí yóò kàn mọ́ ògiri, mo bi í nípa iná, mo gba àsansílẹ̀. N kò bi í pé kí ló wà nínú àwòrán náà.

Ìwé ìkéde pé àwòrán Íńdíà ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn wa, tí Mínà lẹ̀ mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù kan ní Woolwich, ni Mummy Dékúnlé, olórí àwọn obìnrin ìjọ, rí. Màámi, ẹ rántí àwọn fíìmù Íńdíà tí a máa ń wò, bí wọ́n ṣe ń forí balẹ̀ fún ère? Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nípa Íńdíà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mummy Dékúnlé ní mo ti ta ilé Ọlọ́run fún òrìṣà ọlọ́wọ́ mẹ́jọ, pé ṣé n ó tún máa ta tùràrí lẹ́nu ọ̀nà ni. Pásítọ̀ ní àwọn á wá fojú ara wọn rí i ní Sátidé. Bó bá jẹ́ òótọ́, kí Mínà kó ẹrù rẹ̀, kí èmi náà sì kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a tú ẹrù, ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀. Mo rí kẹ́ẹ̀gì tó tò síwájú ẹ̀rọ omi, mo rí bàbá kan tó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ létí títì. Àfi bí a ṣe ṣí èyí tó tóbi jù. Obìnrin kan, ọwọ́ mẹ́jọ gbáko! Mo bẹ Mínà pé kó jẹ́ kí èyí wà nínú páálí. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìyá ẹni tó yà á ni, àti pé òun kò gbé e sọdá òkun láti wá fi í pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbé e kọ́ sára ògiri.

Ní Sátidé, Pásítọ̀ dúró níwájú obìnrin náà títí. Wọ́n bi Mínà pé kí ni ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ó ní èyí mú ìgbálẹ̀, èyí gbé ọmọ, èyí mú fóònù, èyí ń fún ìyá ọkọ lóògùn. Kò tíì dé orí ìkarùn-ún tí Mummy Dékúnlé, tí wọ́n ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ tààrà, fi sún mọ́ ọn. Wọ́n ní ọwọ́ mẹ́jọ yìí mà kéré o, èwo ló wá ń di bọ́ọ̀sì mú? Nọ́ọ̀sì kan láàárín wa ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá èyí tó ń fowó ránṣẹ́ sílé ná. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ ní àwọn kò rí òrìṣà kankan níbẹ̀, ìdajì ìjọ wa ló wà nínú àwòrán yẹn.

Lọ́jọ́ Sunday, a parí ìsìn, àwọn ará ìjọ ò lọ sílé, iyàn àwòrán ni wọ́n ń jà. Mínà ní níbi tí òun ti gbé àwọn àwòrán náà kọ́ tẹ́lẹ̀, ńṣe ni àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kọjá. Ẹnikẹ́ni kò bá àwòrán òun jiyàn rí. Ó dì mọ́ mi ní kíṣìnnì. Màámi, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dì mọ́ mi nílùú yìí.

Oògùn yín á dé ọwọ́ Bọ̀dá Ṣínà. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ o. Pásítọ̀ ní kí Mínà tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kí n sì dín owó rẹ̀ kù. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún un. Èkejì, mo ṣì ń rò ó.

Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, a ó fojú kanra láìpẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́