Bàbá Mi, Wọ́n Wá Wo Òrùlé Yín

Bàbá mi, káfíńtà mi,

Ẹ kú àìrí ara wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé sí yín, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹjọ́ ni mo máa kọ́kọ́ rò fún yín. Ẹjọ́ náà ni mo sì ń rò yìí. Ẹ ṣáà mọ̀ mí, ọmọ yín ni mí.

Ìjì jà ní Ìbà nígbà tí òjò ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán ni. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Okokomáíkò, mò ń rán sùtánà fún oníbàárà kan, nígbà tí Gbénga àbúrò mi pè mí pé òrùlé apá ọ̀dọ̀ màmá ti ṣí lọ, pé páànù àti igi ti balẹ̀ sí àgbàlá. Ọlọ́run ló yọ màmá, ilé ìdáná ni wọ́n wà. Nígbà tí mo délé, mo wọ yàrá ẹ̀yin àti màmá, mo gbójú sókè, ojú ọ̀run ni mo rí lókè bẹ́ẹ̀dì tí ẹ kú sí. Mo sunkún, bàbá. Kì í ṣe torí òrùlé nìkan.

Ìgbà yẹn la rántí ínṣọ́ránsì yín. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró ti àwọn tó ń la pákó ní Ìjanikin kí wọ́n má baà pààrọ̀ igi mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọn ìgò epo wò kí ẹ tó rà á, báwo lẹ ṣe wá ń sanwó lọ́dọọdún fún àwọn tí ẹ ò mọ ilé wọn, pé bí nǹkan bá ṣe ilé yín wọ́n á tún un ṣe? Kí ni aṣojú wọn tó wà ní ìjọ yín sọ tó fi wọ̀ yín létí? Nígbà tí ẹ lọ, a gbé ìwé ikú yín lọ bá wọn, wọ́n yí orúkọ tó wà lórí ìwé ínṣọ́ránsì náà sí ti màmá. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń san án. Mò ń san án, mo sì ń fura.

Mo pè wọ́n lọ́jọ́ tí ìjì jà gan-an, torí mo ti gbọ́ pé bí èèyàn bá pẹ́ kó tó pè, wọ́n á fi ṣe àwáwí. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ṣàlàyé fún mi ní pẹ̀lẹ́tù, ìyẹn sì tún jẹ́ kí n fura sí i. Ó ní ohun tí atẹ́gùn bá bà jẹ́ wà nínú àdéhùn, ṣùgbọ́n omi àgbàrá tó bá gba ilẹ̀ wọlé kò sí níbẹ̀, igi tó bá sì ti jẹrà fúnra rẹ̀ kí ìjì tó dé, ti onílé nìyẹn. Ó ní a lè fi tapólì bo ibi tó ṣí kí òjò má baà ba nǹkan tó kù jẹ́, ṣùgbọ́n kí a fi gbogbo ohun tó já bọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, títí ẹni tí wọ́n máa rán wá yóò fi fojú ara rẹ̀ rí i. Mo pe màmá àti Gbénga jókòó, mo tún un sọ fún wọn. Àwọn méjèèjì ní ó ti yé àwọn.

Bàbá, lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà máa wá, mo dé láti ṣọ́ọ̀bù, àgbàlá mọ́ tónítóní. Wọ́n ti gbálẹ̀. Wọ́n ti da omi sí i kí eruku má baà dìde. Kò sí páànù kan, kò sí igi kan. Wọ́n tiẹ̀ ti kun ibi tí omi òjò ti ba ara ògiri jẹ́. Màmá wọ ìró àti bùbá wọn tó dára jù, ìrẹsì wà lórí iná, ìgò móòtì sì wà nínú omi tútù. Àlejò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì, wọn ò lè jẹ́ kó bá ilé nínú ìdọ̀tí.

Mo yíjú sí Gbénga. Bàtà tuntun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ mọ bí ọkàn mi ṣe máa ń yára ṣe ìṣirò. Mo ní ó ti ta páànù yín fún àwọn tó ń ra àlòkù lọ́nà Alábà Rágò. Ó búra, mi ò gbọ́. Ó bọ́ bàtà náà sẹ́nu ọ̀nà mi, ó sì fẹsẹ̀ lásán jáde nílé. Mo dúró, mò ń wo bàtà náà, mo ṣì ń fura sí i.

Ọkùnrin náà dé. Kò jẹ ìrẹsì, kò mu móòtì. Màmá rò pé ẹni tó bá kọ oúnjẹ wọn kò wá fún rere, èmi náà sì rò bẹ́ẹ̀. Ó gun àkàbà, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tó kù, ó sọ̀ kalẹ̀, ó béèrè àwọn igi tó já. Mo sọ fún un pé bí mo ṣe bá àgbàlá nìyẹn. Ó wá wò mí bí mo ṣe máa ń wo àwọn ẹlòmíràn. Ó ní àyè tó wà lókè kò lè sọ fún òun bóyá atẹ́gùn ló fa igi yẹn ya tàbí ìjẹrà, pé òun á padà wá lọ́jọ́ kejì, bí òun ò bá sì rí igi, òun á kọ ọ́ pé òun ò rí ohun tí òun wá wò. Ìtumọ̀ rẹ̀ yé mi. Wọn ò ní san kọ́bọ̀, màmá á sì lo gbogbo òjò yìí lábẹ́ tapólì.

Nígbà tó lọ, màmá jókòó sórí àpótí nílé ìdáná. Wọn ò wo ojú mi.

“Èmi ni mo kó o. Mo kó o fún ìyá ẹlẹ́ja ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Ṣé kí n wá jókòó kí ọmọ ọlọ́mọ máa fi tọ́ọ̀ṣì yẹ iṣẹ́ bàbá yín wò ni? Bí kòkòrò bá ti jẹ ẹ́ ńkọ́?”

Mo ní ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ni. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní nígbà tí ẹ ń kọ́lé yìí, owó ò tó, pákó tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣà tán lẹ fi ṣe apá ọ̀dọ̀ wọn, ẹ sì ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà wọ́n. Bàbá, ṣé ẹ rántí pé bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́, màmá kì í sùn, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á di ọwọ́ méjèèjì pọ̀? Láti kékeré ni mo ti rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà. Òrùlé yín ni wọ́n ń tẹ́tí sí. Ṣé ẹ mọ̀? Àbí ẹ mọ̀, ẹ kàn ń dibọ́n bí ẹni tó sùn?

A gba ọ̀nà Ọ̀tọ̀-Àwórì lọ, èmi àti màmá. Ìyá ẹlẹ́ja, tó ń fi iná igi yan ẹja tà, ti fi páànù yín bo ààrò rẹ̀, ó sì ti fi púpọ̀ nínú igi náà dáná. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, tó tẹ́ sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà láti jókòó lé. Màmá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọn ò fẹ́ sún mọ́ ọn. Èmi ni mo yí igi náà padà. Ibi tó ti ya funfun, ó le, kò sí ihò kòkòrò kankan. Ìṣó yín ṣì wà lára rẹ̀, èyí tó ti ẹgbẹ́ kan wọlé tó yọ sí ẹgbẹ́ kejì, ẹ sì ti tẹ ẹnu rẹ̀ padà mọ́ igi bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mo pe màmá pé kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra ìṣó náà títí. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, orí itan wọn ni wọ́n gbé igi náà lé. Èrò tó jókòó tì wá ń kùn pé ó ń gún òun. Wọn ò gbé e kúrò.

Ọkùnrin náà padà wá lọ́jọ́ kejì, ó fi kọ́kọ́rọ́ họ igi náà, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó ní atẹ́gùn ni. Wọ́n ní àwọn á san ti òrùlé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ màmá àti kápẹ́ẹ̀tì tí omi bà jẹ́ kò sí nínú àdéhùn, torí ilé nìkan lẹ fi sí i, ẹ ò fi ẹrù inú ilé kún un. Mo ti gbọ́. Ìgbà tí mo bá rí káfíńtà lókè ilé ni mo máa gbà pé òótọ́ ni.

Gbénga ti padà wálé. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan nínú ìjọ ló fún un ní bàtà náà. Ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n bàtà náà ṣì wà níbi tó bọ́ ọ sí, mi ò sì lè gbé e kúrò fún un. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀ lójú àlá, ọ̀rọ̀ yín ló máa ń gbọ́.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ sọ. Mo fura sí àwọn oníńṣọ́ránsì, mo fura sí aṣojú wọn tó wà ní ìjọ, mo fura sí àbúrò mi tí a jọ mu ọyàn kan náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìjì tó jà nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sùn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ìṣó yín lè tú. Òjò rọ̀ lánàá, bàbá, atẹ́gùn sì tún fẹ́ díẹ̀. Mo lọ wo màmá ní yàrá tí wọ́n ń lò báyìí, lábẹ́ apá òrùlé tó kù. Igi yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n ti sùn lọ.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́, àfi ẹ̀yin.