Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Etí tí Màmá Mi Fà Níwájú Kámẹ́rà

Ilé Stidham,
Òpópónà Laurel Fork,
Kentucky.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìdánwò Àwọn Nọ́ọ̀sì Olùtọ́jú Ìdílé,
Columbus, Ohio.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ WO FÍDÍÒ ÌDÁNWÒ VERNA STIDHAM KÍ ÌYÀ ỌDÚN KAN TÓ FẸSẸ̀ MÚLẸ̀

1. Èmi ni Tansy, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Màmá mi ni Verna Stidham. Wọn kò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé yìí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí. Èmi ò gbà.

2. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi. Ìdánwò yín ni yóò fún wọn láṣẹ láti máa kọ oògùn fún aláìsàn. Ẹnì kan ṣoṣo tó láṣẹ bẹ́ẹ̀ ní kílíníìkì wa, Ìyáàfin Oma Fugate, ti fẹ̀yìn tì, ilẹ̀kùn sì ti wà ní títì. Àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ ní bí oṣù yìí bá parí láìsí arọ́pò, àwọn yóò kó gbogbo ohun èlò lọ. Kílíníìkì tó kù wà lẹ́yìn òkè méjì, yìnyín sì máa ń dí ọ̀nà.

3. Màmá mi kàwé. Ẹ̀yin Ọ̀gá, Sólómọ́nì kò kàwé tó bẹ́ẹ̀! Ara wa ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Etí ọmọdé, wọ́n á fà á sísàlẹ̀. Etí àgbà, wọ́n á fà á sókè, kí inú rẹ̀ lè hàn. Wọ́n fa tèmi títí ó fi kù díẹ̀ kí n di ìbaaka. Nígbà tí wọ́n tẹ ikùn bàbá àgbà wò nídìí oúnjẹ, bàbá pariwo pé, "Verna, ẹ̀wà ni mo wá jẹ o, mi ò wá bímọ!"

4. Ilé ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà, níwájú kámẹ́rà, bí òfin yín ṣe gbà. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìbéèrè kan dé lórí ọmọ tí etí ń dùn. Màmá mi kò mọ ìgbà tí ọwọ́ wọn lọ síbi etí ara wọn, tí wọ́n fà á sísàlẹ̀ bí ìṣe wọn. Alámòójútó yín sọ̀rọ̀ láti inú kọ̀ǹpútà:

"Màdáàmù, kí ló wà nínú etí yín?"

"Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi. Etí lásán ni."

Ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kìlọ̀. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e dá lórí ọ̀nà ọ̀fun; ọwọ́ màmá mi tún ti dé ọrùn. Ó dá ìdánwò náà dúró lójú ẹsẹ̀.

5. Ẹ wá kọ̀wé pé wọ́n fi ẹ̀rọ pamọ́ sétí, wọn kò sì gbọdọ̀ tún ìdánwò ṣe fún ọdún kan. Mo pè yín. Ẹni tó gbé fóònù ní òun kì í bá ọmọdé sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Màmá mi kọ̀ láti pè. Wọ́n ní ẹni tí a bá ti pè lólè, tó bá ń ṣàlàyé, olè tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ ni yóò dà.

6. Lánàá, aládùúgbò wa Ruby Napier gbé ọmọ rẹ̀ wá, ara ọmọ náà gbóná, ó sì ń húkọ́. Màmá mi mọ oògùn tó yẹ. Wọn kò láṣẹ láti kọ ọ́. Wọ́n ní kí Ruby gba orí òkè lọ sí kílíníìkì kejì, wọ́n sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ méjèèjì nínú àpò, títí ọkọ̀ Ruby fi wọ́ lọ.

7. Gbogbo Laurel Fork mọ̀ pé mo máa ń sọ kòkòrò di erin. Èyí tí mo kọ yìí, mi ò fi nǹkan kan kún un. Mi ò tún mọ ẹni tí mo lè pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn wo fídíò náà.

Ẹ ṣeun, bí ẹ bá tilẹ̀ kà á dé ìhín.

Èmi ni tiyín, tí kò rí ibòmíràn lọ,
Tansy Stidham,
Ọmọ ẹni tó ṣe ìdánwò.