Èmi Ni Wọ́n Ní Àwọn Yóò Pè Bí Nǹkan Bá Ṣẹlẹ̀

Adúmáadán ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé yàrá kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run tó fún ọ ní ẹsẹ̀ méjì yóò máa ṣọ́ méjèèjì, ọ̀kan kò ní í fi èkejì sílẹ̀ lójú ọ̀nà, àmín. Bí o bá ń béèrè wa, a wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ dáadáa. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò, ewúrẹ́ ìyá rẹ bímọ méjì, òun náà ló sì jẹ ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí fi pẹ́.

Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí. Láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀rù ti ń bà mí, mi ò sì lè fi pamọ́ mọ́. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń rán bàtà lọ́wọ́, ni fóònù dún, tí ọ̀rọ̀ gígùn kan wọlé. Mo gbé e lọ bá Màmá Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ojúlé kejì sí wa, pé kó bá mi kà á, torí kì í ṣe èdè wa ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ní àwọn tó ń ṣètò eré ìje ní ìlú yín ló kọ̀wé, pé o ti forúkọ sílẹ̀ láti sá kìlómítà mọ́kànlélógún ní Sátidé tó máa parí oṣù yìí, àti pé nínú fọ́ọ̀mù tí o kọ, èmi bàbá rẹ lo ní kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Láyé mi, mi ò tíì rí ibi tí èèyàn ti fẹ́ lọ gbádùn ara rẹ̀ tí wọ́n á ti kọ́kọ́ wá ẹni tí wọ́n máa pè sílẹ̀. Àwọn èèyàn yìí mọ nǹkan tí wọn ò sọ. Mo ní kí Màmá Nọ́ọ̀sì bá mi dá wọn lóhùn pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí, torí nǹkan kan kò ní í ṣẹlẹ̀. Wọn ò fèsì. Bí wọ́n ṣe dákẹ́ yẹn ló tún wá dá kún ìpayà mi. Mo pa fóònù, mo ní bí wọn ò bá rí mi pè, a jẹ́ pé nǹkan náà ò lè ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ ni mo tún rò ó pé tó bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n ń wá mi tí wọn ò rí mi? Mo tún tàn án. Bí mo ṣe ń pa á tí mo ń tàn án nìyẹn látọjọ́ náà, kódà mo ń gbé e lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Lánàá, oníbàárà kan pè mí nítorí sálúbàtà rẹ̀, mo ti ké pe Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mọ̀ pé sálúbàtà ni. Ó ní òun á padà wá gbà á nígbà tí ara mi bá balẹ̀.

Àwọn fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ kò sì ràn mí lọ́wọ́. Nínú ọ̀kan, wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọ láyà bí ẹni tí wọ́n mú, èèyàn tó tó ẹgbẹ̀rún ń sá bọ̀ lẹ́yìn rẹ, gbogbo wọn la ẹnu. Mo fi ìka fa fọ́tò náà kí n lè rí ohun tó ń lé yín, ni òmíràn bá jáde, mo rí ọ tí o nà gbalaja sílẹ̀, tí o gbé ẹsẹ̀ kan kọ́ ara ògiri. Mo ní ó parí, ohun tó ń lé wọn ti bá a. Ọpẹ́lọpẹ́ Màmá Nọ́ọ̀sì tó ṣàlàyé pé ṣe lo ń na iṣan ẹsẹ̀ lẹ́yìn eré, pé ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi náà dán an wò nínú pálọ̀ kí n lè mọ bó ṣe rí. Ẹsẹ̀ mi gun ògiri, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ ló fà mí lápá títí dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rí ara mi gbà, ó ní bí mo bá tún ṣe é, òun á fi mí síbẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ aago ọwọ́ rẹ. O sọ fún ìyá rẹ pé aago yẹn ò fẹ́ kí o sinmi, pé tí o bá jókòó pẹ́ ó máa ń gbọ̀n mọ́ ọ lọ́wọ́, pé o ti sáré fún ọjọ́ mẹ́tàlélógójì láì fo ọjọ́ kan, àti pé bí o bá sinmi lẹ́ẹ̀kan péré, ó máa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Irú ọ̀gá wo nìyẹn? Ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì, tó ń sanwó fún ọ, ń fún ọ ní ọjọ́ ìsinmi, aago tí o fi owó ara rẹ rà ló wá ń lé ọ kiri. Bí ẹ̀rù rẹ̀ bá ń bà ọ́, fi í ránṣẹ́ sílé. A máa so ó mọ́ ewúrẹ́ lọ́rùn, ìyẹn kì í jókòó, inú aago á dùn.

Gbogbo èyí, mo lè gbé e mì. Ọ̀rọ̀ bàtà ni kò ṣeé gbé mì. Awakọ̀ kan láti ìlú yín gbé bàtà eré tí o ti lò wá, o ní kí n tún un ṣe kí n fún ẹni tó bá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Adúmáadán, ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo ti ń tún bàtà ṣe. Mo dojú rẹ̀ dé lórí itan mi, mo wo ìsàlẹ̀ méjèèjì. Ti òsì ti jẹ tán ní gìgísẹ̀, ó jẹ wọnú fóòmù. Ti ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìgbà tí o rà á. Mo ki ọwọ́ bọ inú ti ọ̀tún, mo bá àkísà tí o ká mẹ́rin sí abẹ́ gìgísẹ̀. Ta ló ń ká àkísà sínú bàtà tí ẹsẹ̀ ò dùn? Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn ọ́. O ń tiro. O sì ń sọ fún wa lórí fóònù pé ara rẹ le koko.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣé o rántí ọkùnrin tó máa ń pín lẹ́tà kiri ládùúgbò wa? Ó gbé irú bàtà báyìí wá bá mi, ẹsẹ̀ kan jẹ tán, èkejì dà bíi tuntun. Mo rí i. Mo mọ̀ pé ara ọkùnrin yẹn ò dá. Ṣùgbọ́n mo ní kò kàn mí, mo kan gìgísẹ̀ tuntun sí i, mo gba owó mi. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí egungun ojúgun rẹ̀ dá níbi tó ti ń rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò sì pín lẹ́tà mọ́ títí dòní. Bí mo bá rí i tó ń kọjá pẹ̀lú ọ̀pá, mo máa ń wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ. Ọmọ mi, mi ò lè dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo gbé bàtà náà lọ fún Màmá Nọ́ọ̀sì. Kò bá mi ṣàwàdà lọ́jọ́ náà. Ó ní egungun kì í sábà dá lójijì fún àwọn asáré, ó máa ń sán díẹ̀díẹ̀ ni, tí ẹni náà á máa rò pé ó rẹ òun lásán. Ó ní kí o fi ìka tẹ ojúgun rẹ, bí ojú kan bá wà níbẹ̀ tó ń dùn ọ́ gan-an, kí o dáwọ́ eré dúró lọ́jọ́ náà, kí o lọ rí dókítà eegun. Ó ní nína iṣan dára, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ìsinmi, pé ọjọ́ tí èèyàn bá sinmi ni ara ń tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí yé mi, torí bàtà tí mo bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, mi kì í jẹ́ kí olówó rẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó bẹ̀ mí tó. Ó tún ní kí o máa rìn díẹ̀ kí ara gbóná kó o tó sáré, kí o má sì fi kún ibi tí ò ń sá dé lójijì. Ìyẹn di ìgbà tí ẹsẹ̀ bá san. Sátidé eré ìje yẹn, mo bẹ̀ ọ́, má lọ. Mo fi ọmú tí ìyá rẹ fún ọ mu bẹ̀ ọ́. Mi ò tíì sọ fún un o, nítorí bó bá gbọ́, yóò ti wà nínú ọkọ̀ kó tó wọ bàtà.

Owó òrùlé tí o ní o fẹ́ fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́ mọ́, kí òrùlé máa jò, kó o fi í rí dókítà. Owó ọkọ̀ nìkan ni kí o bá mi wá, àlọ àti àbọ̀. Mo ti sọ fún ìyá rẹ pé awọ ni mo fẹ́ lọ rà. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ ní gáráàjì, jọ̀ọ́, má sáré wá pàdé mi. Láti kékeré lo ti máa ń sáré pàdé mi, inú mi sì máa ń dùn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kó o wá rọra rìn bọ̀ wá bá mi, kí n lè wo ẹsẹ̀ rẹ.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí rẹ sí, yóò dá ẹsẹ̀ rẹ sí, o ò ní í di ẹni tí à ń gbé. Kí ó sì jẹ́ pé mo ṣi bàtà náà wò. Láti ọdún mẹ́rìndínlógójì tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò gbàdúrà rí pé kí ojú mi tàn mí jẹ, àfi lórí rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Aránbàtà.